Ọdún Tí A Fi Àwo Pín Wúrà ní Asata

Àgùnbánirọ̀ kan wà lọ́dọ̀ mi báyìí, Tọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi, tí ìjọba gbé láti Ìbàdàn wá sí Enugu kó wá sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún ilẹ̀ bàbá náà, n kò tíì rí i, àfi bí jíjókòó sórí àga mi ní àdúgbò Maryland níbí kó máa tẹ fóònù bá wà lára rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí gbogbo ayé ń sáré, tí wọ́n ń fò, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó na fóònù náà sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ wo bí wọ́n ṣe to àwọn orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó ní wúrà jù ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?" Mo ní ó dáa fún ẹni tó ní wúrà. Ó ní rárá, pé iye èèyàn tó wà nílùú ló yẹ kí wọ́n fi pín in, pé tí wọ́n bá fi èèyàn pín in, erékùṣù kékeré kan báyìí, tí gbogbo ará ibẹ̀ lè wọ kẹ̀kẹ́ dé Amechi létí ìlú kí oòrùn tó mú, á ta America yọ. Ó tún ní àwọn kan ní owó ìlú ló yẹ kí wọ́n fi pín in, nítorí ẹni tó jẹun yó kó tó sáré kò bá ẹni tébi ń pa dọ́gba. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo wá sọ fún un pé kò sí ọ̀kan nínú ohun tó ń sọ tí wọn ò tíì jà lé lórí lójú mi ní àgbàlá wa ní Asata, nínú Enugu yìí, kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀, àti pé ohun tí àwa fi pín in nígbà náà kò sí lórí fóònù rẹ̀. "Kí lẹ fi pín in?" "Àwo." Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo arúgbó tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ọsibítù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kẹfà ni mo kà, n kò parí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò parí ìwé lè rántí nǹkan, ó sì lè fi díẹ̀ kún un tí ibi kan bá ṣófo.

Àgbàlá náà kò tóbi. Tí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà onírin wọlé láti títì, yàrá iwájú lẹ máa kọ́kọ́ rí, èyí tí fèrèsé rẹ̀ méjèèjì kọjú sí títì. Ẹ fi yàrá yẹn sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrá Lánlọ́ọ̀dù, lẹ́yìn ìyẹn ni ti àpọ́n kan tó ń jẹ́ Ẹtim, ará ìhà Calabar, tó ń ṣọ́ ibi ìkẹ́rùsí kan lóru. Lẹ́yìn tiẹ̀ ni ti Papa Obiọra káfíńtà àti Mama Obiọra ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Àwa la wà ní ìkángun: Bàámi, Màámi, Ìyá Àgbà tó bí Bàámi, Bọ́lá ẹ̀gbọ́n mi, àti èmi Àlàbí. Fèrèsé kan ṣoṣo la ní, ògiri ilé ẹlòmíì ló sì kọjú sí, ó sún mọ́ wa débi pé tí ẹni tó wà lódìkejì bá sín, àwa la máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rọ omi kan wà láàárín àgbàlá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, á kọ́kọ́ wúkọ́ bí àgbàlagbà, á pọ omi pupa díẹ̀, kí èyí tó mọ́ tó dé. Ikọ́ rẹ̀ ló ń jí wa. Ayùn Papa Obiọra á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni Mama Obiọra á máa pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá wẹ̀, lórúkọ lórúkọ, títí ìyá ọlọ́kpa á fi gba ojú títì kọjá, tí òórùn ọ̀kpá gbígbóná, ọ̀lẹ̀ àwọn ará ibẹ̀, á wọlé wá bá wa lórí ẹní. Gbogbo wa ni à ń sọ Pijin síra wa, Bọ́lá sì ń túmọ̀ fún Ìyá Àgbà. Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́ níbí kí ara lè tù wá.

Iṣẹ́ tèmi nínú ilé ni láti fọ àwo Bàámi. Iṣẹ́ kékeré kọ́. Àwa yòókù, inú àwo ńlá kan la ti ń jẹun, ọwọ́ ń bọ́wọ́ pàdé, Ìyá Àgbà á máa ṣe adájọ́ lórí ẹran. Ṣùgbọ́n Bàámi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan, tí wọ́n gbé e láti ìhà Ọ̀yọ́ wá, kì í bá wa jẹ ẹ́ pọ̀. Tábìlì rẹ̀ lọ́tọ̀. Àwo tánganran mẹ́rin, òdòdó pupa yí etí wọn ká: ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ọbẹ̀, ọ̀kan fún ẹran, ọ̀kan tí wọ́n fi ń bò ó kí eṣinṣin má bàa rò pé ẹgbẹ́ òun ni. Tí mo bá gbé wọn dé ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn ọmọ Obiọra á yà fún mi bí ẹni pé bíṣọ́ọ̀bù ló ń kọjá. Mo máa ń yan fanda. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ní ọ́fíìsì yẹn, Bàámi ló kéré jù, òun ló ń dìde fún gbogbo èèyàn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìdí àwo mẹ́rin yẹn nìkan ni wọ́n ti ń dìde fún òun náà.

Ọdún yẹn ni ẹni tó wà ní yàrá iwájú kó lọ sí Onitsha. Màámi ní maṣíìnì ìránṣọ kan tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà ìgbéyàwó, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé nítorí kò sáyè, tó bá sì gbé e jáde, ó ní láti tan fìtílà lọ́sàn-án gangan. Abẹ́rẹ́ ti gún un títí ìka rẹ̀ fi dà bí asẹ́. Nínú òkùnkùn yẹn, ó ti rán apá aṣọ mọ́ ọrùn rí fún obìnrin kan tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Obìnrin náà wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́sẹ̀ kejì èèyàn mẹ́ta wá bèèrè irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú oríire bẹ́ẹ̀ kì í wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí yàrá iwájú ṣófo, Màámi gbé ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ, ó ní, "Bàbá Bọ́lá, tí mo bá rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé méjì yẹn, tí àwọn tó ń kọjá ní títì sì ń rí aṣọ tí mo fi kọ́, n kò ní tọrọ owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́." Ìyá Àgbà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọlé, òun ò tíì gbọ́ kó bèèrè nǹkan rí. Ní òdodo, Mama Obiọra náà ń fẹ́ yàrá yẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn lórí ara wọn bí ẹja inú agolo, a sì ń sọ ọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ń sùn sínú àpótí òkú tí bàbá rẹ̀ ń kàn fún oníbàárà, pé ọjọ́ tí oníbàárà wá gbé e, ọmọ náà ló ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn tán.

Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í kí Lánlọ́ọ̀dù ju bó ṣe yẹ lọ. Papa Obiọra tún ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ Lánlọ́ọ̀dù ṣe láìgba kọ́bọ̀. Lánlọ́ọ̀dù, ọkùnrin kúkúrú kan tó fẹ́ràn kí wọ́n máa bẹ òun, jẹ́ kí wọ́n máa bẹ òun. Òun ló ní rédíò kan ṣoṣo tó wà ní àgbàlá, ọdún yẹn náà sì ni ayé ń sáré. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé rédíò sórí àpótí, gbogbo wa á jókòó yí i ká, ọkùnrin inú rẹ̀ á máa ka àwọn ìlú àti wúrà wọn. Nígbà tó bá máa fi kan orílẹ̀-èdè tiwa, oorun á ti fẹ́ mú ẹni tó ń kà á. Èyí bí Lánlọ́ọ̀dù nínú. Ó ní kì í ṣe pé a ò mọ eré sá, pé bí wọ́n ṣe ń kà á ni kò dáa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó pa rédíò, ó dìde, ó ní, "Ó tó. Ní Sátidé, àgbàlá yìí máa ṣe eré tirẹ̀. Ilé tó bá ṣe dáadáa jù lọ ló ni yàrá iwájú." Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó bi í léèrè bí a ṣe máa mọ ẹni tó ṣe dáadáa jù lọ. Ó dájú lójú gbogbo èèyàn.

Lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló gé àmì-ẹ̀yẹ. Inú agolo sadíìnì ló ti gé wúrà, nítorí inú rẹ̀ máa ń pọ́n. Ìdérí mílíìkì ni fàdákà. Agolo tó ti dípẹtà lẹ́yìn ilé ìdáná ni idẹ. Ní ti fífo gọ́tà, ẹ má bi ẹlòmíì. Mo fò débi pé nígbà tí mo wà lókè, mo rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Nsukka, mo ka iye èrò inú rẹ̀, nígbà tí mo sì máa fi balẹ̀, ìyá ọlọ́kpa tí mo fò kọjá lórí rẹ̀ ti tà tán. Wúrà. Bọ́lá ru omi yí àgbàlá ká, ẹ̀kán kan ṣoṣo tó kán sílẹ̀, ó ní òógùn òun ni. Wúrà. Nínú wíwo ojú ara ẹni láìṣẹ́jú, Ìyá Àgbà borí gbogbo wọn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi wúrà sí i lọ́rùn ni wọ́n tó gbọ́ pé ó ti ń hanrun. Bàámi gba fàdákà nínú igi lílà, ẹ̀yìn ríro gbà á lẹ́yìn ìyẹn. Màámi gba idẹ níbi omi rírù. Àmì-ẹ̀yẹ márùn-ún nìyẹn, wúrà mẹ́ta wà nínú ẹ̀. Gbogbo ìyókù, àfi ẹyọ kan, àwọn Obiọra ló kó o, wúrà méjì, fàdákà àti idẹ, gbogbo rẹ̀ mẹ́sàn-án. Ẹyọ yẹn, níbi eré sísá ni. Ọmọ Obiọra méjì ti dé. Èmi ni mo wà ní ipò kẹta nígbà tí bàtà mi já, mo ṣubú, èyí tó wà lẹ́yìn mi ṣubú lù mí, òmíràn ṣubú lu ìyẹn, a wó jọ bí ìdì igi. Ibẹ̀ la wà tí Ẹtim fi dé láti ibi iṣẹ́ òru, oorun lójú, ọ̀kpá lọ́wọ́, ó sì gba orí ìlà kọjá lọ sí yàrá rẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ní, "Ẹni tó dé ló dé," ó sì fi idẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹtim ní, "Kí ni mo ṣe?" Ó wọlé lọ sùn pẹ̀lú ẹ̀.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ kí eruku tó rọlẹ̀. Papa Obiọra ní, "Mẹ́sàn-án àti márùn-ún. Kí la tún ń wò? Mo fẹ́ lọ gbé bẹ́ẹ̀dì." Bàámi rẹ́rìn-ín ọ́fíìsì. "Papa Obiọra, níbi tójú ti là, wúrà ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà. Bi rédíò. Wúrà mẹ́ta, wúrà méjì. Ó parí." Mama Obiọra ti jáde láti ilé ìdáná, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá Akọ̀wé, àwọn ọmọ mi tó ṣe ìkejì, ṣé wọ́n jókòó ni? Fàdákà mélòó ló ń ra wúrà kan?" "A kì í tà á, Madam." "Nígbà tẹ́ ẹ kì í tà á, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó wọ́n ju tèmi lọ?" Lánlọ́ọ̀dù fi ọwọ́ gbá itan rẹ̀. Bàámi, tó kàwé ju gbogbo àgbàlá lọ, tún wúrà mẹ́ta náà kà sórí ìka. Mo rí i tí Màámi wo yàrá iwájú, tó tún wo ilẹ̀. Àánú rẹ̀ ló mú Bàámi sọ èyí tó sọ tẹ̀lé e, tàbí kí ó jẹ́ ìtìjú, n kò mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀ nígbà náà. Ó ní, "Ọ̀gá Lánlọ́ọ̀dù, ẹni tó bá da àwọ̀n ńlá sódò, ẹja rẹ̀ á pọ̀, ìyẹn ò sọ ọ́ di apẹja tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹ jẹ́ ká fi orí pín in. Ẹ ka orí tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo iye tó kan orí kan." Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ Tọ́pẹ́ gan-an nìyẹn, kò sì ná wa ní dátà kankan.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Lánlọ́ọ̀dù. Ó yíjú sí àwọn ọmọ Obiọra tó tò sára ògiri, ó na ìka, ó ní, "Otu, abụọ..." Kò kà á dé ẹ̀ta. Ìyá Àgbà, tí gbogbo wa rò pé ó tún ń la ojú sùn, ti dìde. "Sọ fún un kó ká ìka ẹ̀ wálẹ̀," ó sọ fún Bọ́lá. Ó wá yíjú sí Bàámi. "Àkànní, ìwọ lo ní kí wọ́n ka ọmọ ọlọ́mọ?" Bàámi ní, "Ìyá, ìṣirò lásán ni." "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Tí o bá kà wọ́n tán, ta lo fẹ́ kó wá yọ nínú ẹ̀?" Bàámi ní àǹfààní wa ni òun ń wá. Ìyá Àgbà ní àǹfààní tó gba orí ọmọ kọjá, kó gba ọ̀nà mìíràn lọ. Mama Obiọra kò dúró kí Bọ́lá túmọ̀. Òun àti Ìyá Àgbà kò tíì kí ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti jà lórí ọmọ odó, ṣùgbọ́n ó ti fa àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó da ìró bo èyí tó lè bò, ó ní òótọ́ ni Mama sọ, pé nílé bàbá tòun náà, ewúrẹ́ ni wọ́n ń kà. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, èjìká kan èjìká. Títí di òní olónìí tí mo ń kọ èyí, n kò mọ iye àwọn ọmọ Obiọra. Mo mọ orúkọ wọn.

Màámi ló yanjú ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Lánlọ́ọ̀dù, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má ka ọmọ. Àwo ò ní orí tí ẹnikẹ́ni máa yọ. Ẹni tó bá jẹun ló wà nílé. Lọ́la Sunday, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí ilé kọ̀ọ̀kan kó àwo tí wọ́n fi jẹun síwájú ìta wọn, kẹ́ ẹ kà á, kẹ́ ẹ fi pín àmì-ẹ̀yẹ wọn." Ó tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n obìnrin ni. Èmi tí mo ń fọ àwo nídìí ẹ̀rọ omi lójoojúmọ́ mọ ohun tí Màámi rí: àwo àwọn Obiọra máa ń ga bí ọ̀pẹ, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ohun tó kù ni tiwa. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó lọ bá Bàámi nídìí tábìlì. "Bàbá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́la nìkan. Ẹ bá wa jẹun nínú àwo ńlá." "Èmi?" "Àwo kan ṣoṣo la máa kó síta. Márùn-ún sórí àwo kan. Kò sẹ́ni tó máa bá wa." "Kí àwọn Obiọra wá bá mi nílẹ̀, tí mo ń bá Àlàbí du ẹran?" "Mo máa tò ó síwájú yín, kò ní fọwọ́ kàn án." "Ìyá Bọ́lá, kì í ṣe ẹran. Ipò ni." Màámi kó àwo alẹ́ ọjọ́ náà fún mi kí n lọ fọ̀ ọ́.

Ní Sunday, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jẹ ìrẹsì. Lánlọ́ọ̀dù wọ fìlà pupa rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Obiọra. Màámi na ọrùn wò ó. Òkìtì àwo náà ti pòórá. Mama Obiọra ti bu oúnjẹ àwọn ọkùnrin sínú basíà kan, tàwọn obìnrin sínú basíà kejì, òun náà sì bá àwọn obìnrin jẹ ẹ́. Àwo Papa Obiọra ló dá dúró. Ìyẹn nìkan ni ọgbọ́n rẹ̀ kò ká. Mẹ́sàn-án sórí mẹ́ta: mẹ́ta-mẹ́ta. Mama Obiọra wo Màámi, ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ìyá kan ló ń kí ìyá kan. Lánlọ́ọ̀dù wá dé ìta wa. Àwo ńlá wa rèé. Àwo olódòdó mẹ́ta rèé. Ìkẹrin, Ìyá Àgbà ti jókòó lé e lórí, ó da ìró bò ó. Lánlọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ kí i, òun náà mi ara kó lè dá a lóhùn, a sì gbọ́ kàù. Ìyá Àgbà ní, "Eegun ìdí mi ni. Ọjọ́ orí." Lánlọ́ọ̀dù ní, "Ndo, Mama," bí Igbo ṣe ń sọ pẹ̀lẹ́, ó sì kọjá. Síbẹ̀, márùn-ún sórí mẹ́rin, ọ̀kan lé díẹ̀ ni. Màámi kò wo àwo, Bàámi ló ń wò. Bàámi ń wo páànù òrùlé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Papa Obiọra ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ kó lè lọ gbé bẹ́ẹ̀dì nígbà tí Ẹtim jáde wá bọ́jú nídìí ẹ̀rọ omi. Idẹ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀; okùn ẹ̀ ti ta kókó, kò lè bọ́ ọ. Lánlọ́ọ̀dù wò ó títí. "Ẹtim, àwo tìrẹ dà?" "Àwo kẹ̀, Ọ̀gá? Ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ ní kọ́nà ni mo ti ń jẹun. Òun ló ni àwo." "O ò ní àwo kankan nínú yàrá?" "Mo ní ife." "Ife kì í ṣe àwo." Lánlọ́ọ̀dù yíjú sí Bàámi. "Ọ̀gá Akọ̀wé, ìwọ lo mọ ìwé. Ọ̀kan, tí a pín in fún àwo tí kò sí, mélòó ló kan àwo kan?" Bàámi ìbá ti sọ pé òfo ni. Ìbá ti sọ pé òun ò mọ̀, kó sì pè é ní ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n wọ́n pè é ní Ọ̀gá lójú gbogbo àgbàlá, ó sì rí apá aṣọ Papa Obiọra tó ti ká dé ìgúnpá. Ó tún ọrùn ṣe. "Níbi tí mo ti kàwé," ó ní, "kò lópin." Papa Obiọra ní, "Kí ni kò lópin? Agolo tó dípẹtà yìí? Ẹni tó ń lọ sùn?" Bàámi ní bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Lánlọ́ọ̀dù tún un sọ jẹ́jẹ́: "Kò lópin. Mẹ́ta lópin. Ọ̀kan lé díẹ̀ lópin." Ó fún Ẹtim ní kọ́kọ́rọ́ yàrá iwájú. Mo ti rò ó dáadáa láti ìgbà náà. Àpọ́n kì í pọn omi púpọ̀, kì í dáná, kì í bí ọmọ tó ń kọ ara sí ògiri, lóru tí rédíò bá sì ń hó, kò sí nílé. Ó ṣeé ṣe kí Lánlọ́ọ̀dù ti mọ ẹni tó fẹ́ fún láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kó kàn máa wá ìṣirò tó máa gbà fún un. Mo sọ ìyẹn fún Tọ́pẹ́, ó ní àwọn tó ń to orílẹ̀-èdè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́."

Màámi kò bá Bàámi jà. Ìbá sàn kó jà. Ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń kí i, ó ń pè é ní Bàbá Bọ́lá, ó sì tún ń tan fìtílà rẹ̀ lọ́sàn-án. Bàámi ra òróró fìtílà tuntun, kò sí ẹni tó dúpẹ́. Mama Obiọra bá mi pọnmi lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Sọ fún ìyá ẹ pé ndo," ó sì tún un sọ kí n má bàa gbàgbé. Ẹtim ló wá nígbẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní ìrọ̀lẹ́ kan kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ká fìlà rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń bá Màámi sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n Bàámi ló ń wò, bó ṣe yẹ ọmọlúwàbí. Ó ní yàrá náà dára o, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, òun ò rí oorun sùn lọ́sàn-án. Ó ti tọrọ kó padà sí yàrá rẹ̀ àtijọ́ láti máa sùn, Lánlọ́ọ̀dù ti gbà. Tí Madam bá fẹ́ máa gbé maṣíìnì wá síbẹ̀ lójúmọmọ, òun ò ní gba nǹkan kan. Ó tún ní oúnjẹ ìyá kọ́nà ti ń dun òun níkùn. Màámi ní, "Irú oúnjẹ wo lo fẹ́?" Ó ní èyí tí wọ́n bá sè.

Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó kan ògiri, maṣíìnì ti wà lójú fèrèsé. Aṣọ àkọ́kọ́ tí Màámi fi kọ́, àwọn obìnrin tó ń lọ sí ọjà dúró wò ó, kò sì pẹ́ tí ọ̀kan fi béèrè iye rẹ̀. Láti yàrá wa ní ìkángun, a máa ń gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí maṣíìnì, ó ń sáré ju gbogbo àwọn tó wà nínú rédíò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bu oúnjẹ Ẹtim. Àwo oúnjẹ Bàámi ló bù ú sí, olódòdó, àwo ọbẹ̀ rẹ̀ fún ọbẹ̀, àwo ẹran rẹ̀ fún ẹran. Èyí tí wọ́n fi ń bò ó ti fọ́ sábẹ́ Ìyá Àgbà, nítorí náà ó fi ewé bò ó. Ó gbé e fún mi. Nígbà tí mo padà dé, Bàámi jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, tábìlì mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀. Ó wo Màámi. Màámi ti jókòó sílẹ̀, ó ń fọ ọwọ́. Ìyá Àgbà ní, "Àkànní, ọbẹ̀ ń tutù." Mo gbọ́ tí àga sún, Bàámi wá jókòó sórí ẹní láàárín èmi àti Bọ́lá, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ó ní, ká lè rí i pé òun ṣì mọ̀wé, "Ẹ mọ̀ pé Ẹtim ti ní àwo báyìí. Tí wọ́n bá tún un kà, ó ti lópin." Ẹran wà láàárín àwo, ọwọ́ mẹ́ta sì ti lọ. Èmi ni mo gba wúrà, Bọ́lá gba fàdákà. Bàámi, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ ọ̀nà, gba idẹ, Ìyá Àgbà sì ní kó jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, pé eegun wà níbẹ̀.